Irinṣẹ́ Tó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Fi Pa Àkọsílẹ̀ Mọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Linux

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan kú nínú ẹgbẹ́ wa níbí, lókè Ọya. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé òkú lọ sílé lọ sin, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe, wọ́n sì wá bá akọ̀wé owó pé kí ẹgbẹ́ san ẹ̀tọ́ ìyá àwọn. Òfin wa ni pé ẹni tó bá san owó ìsìnkú fún ọdún mẹ́ta láìdáwọ́ dúró, ẹgbẹ́ ni yóò gbé owó ọkọ̀ àti owó pósí rẹ̀. Akọ̀wé ṣí láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́, ó wá fódà tí àkọsílẹ̀ owó ìsìnkú wà, kò rí i. Ó ní kò burú, ó so háàdì dísìkì tí a fi ń tọ́jú ẹ̀dà mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò rí i níbẹ̀ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó ń pa àwọn fáìlì tí kò wúlò rẹ́ kí àyè lè wà, ó sì ṣèèṣì pa fódà yẹn mọ́ ọn. Ọmọ àgùnbánirọ̀ tó bá wa to kọ̀ǹpútà náà ti ṣètò rẹ̀ pé ní alaalẹ́, ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ni kó wà nínú dísìkì, ohun tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ sí nínú dísìkì. Lóru ọjọ́ náà gan-an, ẹ̀rọ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó pa ẹ̀dà rẹ́ tẹ̀ lé ojúlówó.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn ọmọ olóògbé mú rìsíìtì ọdún kan àti ààbọ̀ wá, ìyókù ti sọnù. Àwọn kan ní ìyá san, àwọn kan ní kò san. Òkú lo ọjọ́ mẹ́rin sí i ní mọ́ṣúárì kí àwọn àgbà tó dá owó jọ látinú àpò ara wọn. Títí di òní, ìdílé méjì ò wá sípàdé mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí àwa tí à ń kọ ìròyìn yìí máa ṣọ́ àkọsílẹ̀. Aṣọ là ń tà lọ́jà, ìwé mẹ́wàá la kà, ẹnikẹ́ni ò sì kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n a ti fi ọwọ́ ara wa lo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn irinṣẹ́ tí a fẹ́ sọ yìí, a sì ti ba nǹkan jẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn ẹgbẹ́ wa ní ìpínlẹ̀ mìíràn ń béèrè pé èwo ni kí àwọn mú. Èsì wa rèé.

Kí ló gbé Linux dé ọ̀dọ̀ wa?

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló ń lo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Windows tó wà lórí rẹ̀ máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n jí ṣe, fáírọ́ọ̀sì á sì jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù mélòó kan. Ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ á wá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi Linux sí i, nítorí kò gba owó, kò sì wúwo lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì ń kàwé ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ubuntu, tó jáde lọ́dún 2004, èdè àwọn èèyàn wa ní gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Linux Mint ni tiwa.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́. Wọ́n á ní tí Linux bá ti wà lórí ẹ̀rọ, ewu ti lọ. Fáírọ́ọ̀sì lè má yọ yín lẹ́nu bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n Linux ò ní kí háàdì dísìkì má kú, kò ní kí olè má gbé láptọ́ọ̀pù, kò sì ní kí iná NEPA má fi agbára dé kó sun ẹ̀rọ. Ó tún ní ìwà kan: tí ẹ bá fi àṣẹ pa nǹkan rẹ́ lójú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kì í bi yín léèmejì, kì í sì í jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí tí ẹ ti lè mú un padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi wá pé irinṣẹ́ wo ló dáa, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí lẹ̀ ń bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ àṣìṣe ọwọ́, bíi ti akọ̀wé wa, ẹ̀dà tàná nìkan ò tó. Ẹ nílò ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti oṣù tó kọjá, torí kì í ṣe ọjọ́ tí nǹkan sọnù lèèyàn máa ń mọ̀. Tó bá jẹ́ ikú dísìkì, dísìkì mìíràn nínú yàrá kan náà tó. Tó bá jẹ́ olè tàbí iná ni, dísìkì inú yàrá kan náà ò wúlò rárá. Ẹni tó ti pẹ́ lókè Ọya, tó ti rí i bí ọjà ti ń jó di eérú lóru ọjọ́ kan, ò nílò kí a ṣàlàyé ìyẹn fún un. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, ló sọ ìlànà kan di mímọ̀ tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní 3-2-1: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kó wà lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. A ò tíì rí ìlànà tó rọrùn sọ nípàdé jù ú lọ.

Àwọn irinṣẹ́ àtijọ́

rsync ni èyí tó ṣe ẹgbẹ́ wa léṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi tìyẹn bú u. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló gbé e jáde lọ́dún 1996, irinṣẹ́ àtàtà sì ni. Ó máa ń wo ohun tó ti wà níbi tó ń lọ, ohun tó yí padà nìkan ló máa ń gbé. Wàhálà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń fi kún àṣẹ rẹ̀, `--delete`. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ní kó pa ohun tí kò sí níbí rẹ́ lọ́hùn-ún. Tí ẹ ò bá fi sí i, ìdọ̀tí á kún dísìkì. Tí ẹ bá fi sí i, àṣìṣe yín á tẹ̀ lé yín débẹ̀. Dígí ni rsync. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń fi hàn, kì í rántí àná.

Bákan náà ni gbogbo nǹkan tó ń mú fáìlì dọ́gba ní ibi méjì. Ẹni tó bá fi fódà ẹgbẹ́ sínú Google Drive, tó ní òun ti ní ẹ̀dà ìpamọ́, kó rántí pé tóun bá pa á rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, á pa rẹ́ lókè náà. Lóòótọ́, agbọ̀n ìdọ̀tí wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ agbọ̀n wò?

Àwọn tó fẹ́ràn rsync ṣe irinṣẹ́ méjì lé e lórí tó ní ìrántí: rsnapshot, èyí tí wọ́n ń fi àṣẹ darí, àti Back In Time, èyí tó ní bọ́tìnnì téèyàn lè tẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe fódà ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, fáìlì tí kò yí padà láti àná kò sì ní gba àyè tuntun. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú wọn ni pé ẹ lè ṣí fódà ọjọ́ Ẹtì tó kọjá bí ẹ ṣe ń ṣí fódà yòówù, láìlo irinṣẹ́ kankan. Ohun tí kò dùn mọ́ wa ni pé tí fọ́tò kan bá yí orúkọ padà, wọ́n á tún un gbé lódindi, àti pé ẹni tó bá jí dísìkì náà á ka gbogbo rẹ̀ bí ìwé ìròyìn: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí kálukú jẹ.

Timeshift ni ká tètè sọ, torí òun ló ń tan èèyàn jù. Inú Linux Mint ló ti máa ń bá yín, orúkọ rẹ̀ sì fi hàn pé ó lè gbé yín padà sẹ́yìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Linux fúnra rẹ̀ ló ń gbé padà, ìyẹn àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Fáìlì tiyín, èyí tó wà nínú fódà home, kì í mú un àyàfi tí ẹ bá sọ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá ṣe àtúnṣe sí Linux, tí ẹ̀rọ sì kọ̀ láti tàn dáadáa, ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà láàárọ̀. Ẹ lò ó fún ìyẹn. Ẹ má fi í tọ́jú ìwé owó.

Clonezilla náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará Taiwan ló ṣe é. Ẹ máa fi fláàṣì tàn án, ẹ̀rọ yín á sùn, yóò wá ya gbogbo dísìkì lódindi. Ó dáa lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ dísìkì láptọ́ọ̀pù. Kò dáa fún alaalẹ́.

Àwọn tuntun: Borg, restic àti Kopia

Àwọn mẹ́ta yìí ni à ń pè ní irinṣẹ́ òde òní, ọgbọ́n kan náà ló sì wà nídìí wọn. Ẹ jẹ́ ká fi òwò wa ṣàlàyé rẹ̀. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ra irú aṣọ ẹbí kan náà lọ́wọ́ wa, a kì í gé ègé ọgọ́rùn-ún tọ́jú. Ègé kan là ń lẹ̀ mọ́ ìwé, a ó wá kọ orúkọ gbogbo àwọn tó rà á sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Borg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Wọ́n máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wò ó bóyá irú ègé yẹn ti wà nílé, tó bá ti wà, wọ́n á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ òní náà lo ègé náà. Tí ẹ bá yí orúkọ fáìlì padà, tí ẹ gbé e láti fódà kan sí òmíràn, kò kàn wọ́n. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lè wà nínú dísìkì kan láìkún un, a sì lè ṣí ọjọ́ tó bá wù wá nínú wọn.

Ohun kejì tó pa wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì pa kí wọ́n tó gbé e sí dísìkì. Olè tó bá jí i, wẹ́wẹ́ tí kò ní ìtumọ̀ ló máa rí.

Borg jáde lọ́dún 2015, látara irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Attic. Ó yára, ó máa ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ó sì ti dàgbà tó láti fọkàn tán. Ibi tí àbùkù rẹ̀ wà ni ibi tó lè gbé nǹkan lọ: dísìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ṣeé wọ̀ láti ọ̀nà SSH, ó sì dáa kí Borg wà lórí ìyẹn náà. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń ya ààyè fún Borg, bíi BorgBase àti rsync.net, àmọ́ owó dọ́là ni. Kò bá Google Drive ṣe tààrà. Fún ẹni tí ẹ̀rù ojú dúdú ń bà, irinṣẹ́ méjì ló ní bọ́tìnnì lórí Borg, Vorta àti Pika Backup. Pika ló rọrùn jù. Ìyá ẹgbẹ́ wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ padà níbẹ̀. Vorta ni àwa ń lò, torí ó ń jẹ́ ká yan ohun tó pọ̀ díẹ̀ sí i.

restic fúnra rẹ̀ ò ní bọ́tìnnì, àṣẹ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò síbi tí kò lè dé: dísìkì, SFTP, S3, Backblaze B2, tó bá sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú rclone, á dé Google Drive. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows náà, tó fi jẹ́ pé tí alága bá ṣì ń lo Windows, irinṣẹ́ kan náà lè sin yín. Kò sí bí ẹ ṣe lè ní kó má ti fáìlì pa. Borg ń jẹ́ kí ẹ yàn. Tẹ́lẹ̀, restic ò mọ fáìlì fún pọ̀, ẹ̀dà 0.14 tó jáde lọ́dún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ń bú u lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Kopia jọ restic, ó sì ní ojú tó ní bọ́tìnnì. A dán an wò fún oṣù méjì, kò ṣe wá ní ibi kankan. A kàn rí i pé àwọn tó lè ràn wá lọ́wọ́ nítòsí mọ Borg jù ú lọ, ìyẹn náà sì jẹ́ ìdí téèyàn lè fi yan nǹkan.

Déjà Dup náà wà, èyí tó ti wà nínú Ubuntu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ́tìnnì rẹ̀ ò pọ̀, ó lè gbé nǹkan lọ sí Google Drive. Nídìí rẹ̀, duplicity tàbí restic ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ duplicity, ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà kan ló ń ṣe lódindi, ó wá ń so ìyípadà mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Tí okùn bá já láàárín, èyí tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ á bá a lọ. Tí ẹ bá lè yan restic níbẹ̀, ẹ yàn án.

Iná, dátà àti dísìkì

Àwọn tó ń kọ ìwé ìlò irinṣẹ́ wọ̀nyí, ibi tí iná kì í lọ ni púpọ̀ wọn ń gbé. Wọ́n á ní kí ẹ fi cron ṣètò rẹ̀ sí aago méjì òru. Cron ò mọ̀ pé NEPA wà. Tí aago méjì bá lù tí kọ̀ǹpútà ò tàn, ó ti lọ nìyẹn, kò ní ṣe é láàárọ̀. A fi oṣù kan gbáko rò pé à ń tọ́jú nǹkan, ìgbà mẹ́rin péré ló ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ lò ni anacron, tàbí timer ti systemd tí ẹ bá kọ `Persistent=true` sí i. Àwọn méjèèjì máa ń rántí iṣẹ́ tí wọ́n jẹ, wọ́n á ṣe é nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ.

Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́? Borg máa ń sàmì sí ibi tó dé láàárín iṣẹ́ tó gùn, ègé tí restic bá sì ti gbé lọ tán, kò ní tún un gbé. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fi àgádágodo sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n máa sọ pé ẹlòmíràn ń lò ó lọ́wọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rí i, a rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wá tẹ `borg break-lock` tàbí `restic unlock`.

Dísìkì tí ẹ bá rà lọ́jà, ètò tí Windows mọ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ FAT32, fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4GB lọ kò ní wọlé. Kò sì ní rántí ẹni tó ni fáìlì àti ẹni tó lè ṣí i, èyí tí rsync àti Timeshift nílò. Ẹ fi ext4 sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Windows ò ní lè ka dísìkì náà mọ́, ṣé ẹ gbọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó máa wà lára láptọ́ọ̀pù tọ̀sán-tòru. Iná tó bá fi agbára dé lè mú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti dátà, gbígbé àkọ́kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Àkọsílẹ̀ wa gbogbo kò tó 4GB, fọ́tò ayẹyẹ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. A yọ fọ́tò kúrò, ìwé owó, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa nìkan là ń fi restic gbé lọ sórí Google Drive, wọn ò sì sún mọ́ 15GB tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ohun tó ń lọ lọ́sẹ̀ kò ju fídíò kékeré kan lórí WhatsApp.

Ẹ dá a padà kí ẹ tó gbà pé ó wà

Ẹ má rò pé àwa tí a kò kàwé nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣe. GitLab ni iléeṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kárí ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan tó ti ń ṣiṣẹ́ di alẹ́ fẹ́ nu fódà kan lórí sáfà kejì. Sáfà kìíní, èyí tí gbogbo ayé ń lò lọ́wọ́, ló wà láìmọ̀. Ó tètè rí i, ó dá a dúró, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bíi 300GB, 4.5GB ló kù. Wọ́n ní kò burú, ẹ̀dà ìpamọ́ wà. Wọ́n ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀dà irinṣẹ́ tó ń lò kò bá ti sáfà mu, kò gbé nǹkan kan lọ, ibi tí wọ́n ń kó o sí ṣófo. Ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé òun ò ṣiṣẹ́ o, àmọ́ wọ́n ń dá lẹ́tà náà padà lọ́nà, ẹnikẹ́ni ò rí i. Ohun tó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan yà fún iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà yẹn lọ pátápátá. Àwọn fúnra wọn ló kọ gbogbo rẹ̀ síta fún ayé kà, a sì kan sáárá sí wọn fún ìyẹn.

Irinṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ ní ọjọ́ tí ẹ máa ń dá nǹkan padà látinú rẹ̀. `restic check` máa ń wò ó bóyá ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ péye, ṣùgbọ́n kì í ka ègé kọ̀ọ̀kan àyàfi tí ẹ bá fi `--read-data` kún un. Ti Borg ni `borg check --verify-data`. Ó ń pẹ́, ẹ ṣe é nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà. Ní ti àwa, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, níwájú gbogbo ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ kan á dárúkọ ara rẹ̀ àti oṣù kan tó bá wù ú lọ́dún tó kọjá. A ó ṣí ẹ̀dà ìpamọ́, a ó ka ohun tó san síta. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín. Ní báyìí, àwọn èèyàn ń tètè san owó wọn kí wọ́n má bàa dárúkọ oṣù tó ṣófo.

Iye ẹ̀dà tí ẹ máa fi sílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwa ń tọ́jú ọjọ́ 7, ọ̀sẹ̀ 4 àti oṣù 36, torí ọdún mẹ́ta ni òfin ìsìnkú wa. Lórí restic, àṣẹ rẹ̀ ni `restic forget --keep-daily 7 --keep-weekly 4 --keep-monthly 36 --prune`. Tí ẹ bá gbàgbé `--prune`, ó máa gbàgbé ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àyè ò ní tú sílẹ̀. Borg náà, láti ẹ̀dà 1.2, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ `borg compact` lẹ́yìn `borg prune`.

Ta ló mọ páswọ́ọ̀dù?

Ibí ni ẹgbẹ́ míì ti máa ṣubú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe gbogbo ìyókù dáadáa. Tí páswọ́ọ̀dù restic tàbí ti Borg bá sọnù, kò sí iléeṣẹ́ tí ẹ máa pè, kò sí ẹlẹ́rọ tó lè ṣí i. Ó ti parí. Bẹ́ẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n, akọ̀wé. Akọ̀wé lè kó lọ sí ìlú mìíràn, ó lè bá ẹgbẹ́ jà, ó lè kú.

Lórí restic, ẹni púpọ̀ lè ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ fún àpótí kan náà. Ẹ tẹ `restic key add`, kí alága tẹ tirẹ̀, kí akápò tẹ tirẹ̀. Tí ẹnì kan bá kúrò nípò, ẹ lo `restic key remove` fún tirẹ̀. Ọ̀kan ni ti Borg, gbogbo yín lẹ máa jọ mọ̀ ọ́n, ẹ sì lè pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú `borg key change-passphrase`. A kọ tiwa sórí bébà mẹ́ta, a fi sínú àpòòwé, a lẹ̀ wọ́n pa, a fọwọ́ sí ojú ibi tí a lẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́, ọ̀kan wà nílé.

Dísìkì kẹta náà wà nílé. Méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbí, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìkejì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Borg ló wà lórí gbogbo wọn. Ìdí tí restic fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé a kò fẹ́ kí àṣìṣe irinṣẹ́ kan ṣoṣo lè ba ẹ̀dà gbogbo jẹ́. Ti ilé, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń lọ ṣe Iléyá tàbí Kérésì ló ń gbé tuntun lọ nínú báàgì rẹ̀, tó ń gbé ti àtijọ́ bọ̀. Àpòòwé páswọ́ọ̀dù kì í bá a wọ ọkọ̀ kan náà.